Ike Ìpara tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

Òórùn ìpara ìyá mi ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kì í ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe ariwo ewúrẹ́ Ìyá Ṣẹ́gun tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òórùn náà dà bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n jù, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fa imú dáadáa, á gbọ́ òórùn mìíràn lábẹ́ rẹ̀, bíi ti irin tí òjò pa. Màá la ojú kan, màá rí ìyá mi níwájú díńgí tí bàbá mi fi ìṣó kọ́ sára ògiri, tó ń fi ìka méjì bu ìpara sójú, sí ọrùn, sí ẹ̀yìn ọwọ́. Jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe é, bí ẹni tó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì tí kò fẹ́ kó fọ́.

Àdúgbò Ilare la ń gbé nígbà náà. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì, ìyá mi ń rán aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ìyá mi pupa nígbà náà, àfi oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé bí ọwọ́ gbogbo ìyá ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ wá ní ẹ̀yìnkùlé kí á tó lọ sílé ìwé. Omi tútù, kànìnkànìn tó le bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ọṣẹ tó ń ta ojú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á da àtíkè sí wa lọ́rùn, wọ́n á sì fi ìpara pa wá lójú títí a ó fi máa dán bí bàtà tuntun. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bó bá ṣáà ti ń rùn dáadáa, ó dára.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àlejò pàtàkì kan fẹ́ wá sí ilé ìwé wa, olùkọ́ wa sì ń wá ọmọbìnrin tí yóò fún un ní òdòdó. Èmi ni mo mọ̀wé jù ní kíláàsì náà. Mo ti na ọwọ́ sókè, mo tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Olùkọ́ wo ojú mi, ó wo ojú Kẹ́mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Kẹ́mi, ìwọ lo pupa. Ìwọ ni kó o gbé e.” Kò fi ìkà sọ ọ́ rárá. Bí ẹni tó ń ṣa ata lọ́jà ló ṣe sọ ọ́.

Mo ronú lé e lórí títí mo fi délé. Ohun tí Kẹ́mi ní wà nínú ike kan ní yàrá ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo kọ́kọ́ lọ sí balùwẹ̀, mo fi kànìnkànìn gbo ara mi títí ó fi ń ta mí. Mo rò pé ọ̀nà ni mò ń là fún ìpara náà kó lè ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà mo bù ú, mo fi pa àyà àti ikùn níbi tí aṣọ bò, torí mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé máa rí i pé mo ti pupa. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, ara mi gbóná, àyà mi wú, ó ń ṣomi. Ìyá mi rò pé èéyi ni. Ó ní kí n má ṣe họ ọ́, ó wá mú ìpara tirẹ̀, ohun tó dára jù lójú rẹ̀ nínú gbogbo ohun tó wà nílé, ó fi pa gbogbo ojú ibi tó ń ta mí. Mo rí ike náà bó ṣe ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lanu.

N kò rántí bí a ṣe dé ọsibítù. Ohun tí mo rántí ni pé èémí kò tó mi, àti ohùn nọ́ọ̀sì kan tó ń sọ fún bàbá mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé, “Ẹ dúpẹ́ o, sà. Ọmọ yìí ti débi tí wọn kì í sábà padà.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Títí di òní, bí n bá ṣí ike ohunkóhun tí mi ò mọ̀, màá kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Orí ibùsùn ọsibítù ni mo ti jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Mo ń retí kó bínú, ṣùgbọ́n ó kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Ó ní, “Ìwọ lo kọ́kọ́ fi para. Èmi náà ni mo tún fi pa ọ́. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é.”

Ọjọ́ tí a padà délé, ó kó gbogbo ohun tí à ń fi tọ́jú ara jáde sínú garawa kan, ọṣẹ, ìpara, àtíkè, òróró irun, títí kan ọṣẹ ìfọyín, ó ń gbé e lọ sí ààtàn. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí la máa fi wẹ̀ lọ́la, Ìyá Fólúkẹ́?”

“Omi.”

“Èmi tí mò ń wa àwọn ọ̀gá kiri? Tí òórùn mi bá lé wọn bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ńkọ́?”

Ìyá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Bàbá mi gba garawa náà, ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìpara tó ń múni pupa ni kó kọ́kọ́ lọ, torí ìyẹn ló ṣe ọmọ léṣe. Àwọn yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbé ọ̀kan jáde, ká fi òmíràn tí a mọ ìdí rẹ̀ rọ́pò, ká wo ara wa fún oṣù kan, ká tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe di òfin ilé wa nìyẹn.

Ọṣẹ ló kọ́kọ́ kàn. Ìyá ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú ní Ìpetumodù. Ìyá mi lọ kọ́ ọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó padà dé pẹ̀lú àpò èèpo kòkó gbígbẹ. Ó sun èèpo náà di eérú, ó da omi sí i, ó sẹ́ ẹ, ó gbé omi eérú náà kaná pẹ̀lú àdín. Gbogbo agbo ilé ń rùn. Ìyá Ṣẹ́gun ń sín, ó ń bèèrè bóyá a fẹ́ lé àwọn ewúrẹ́ òun kúrò láyé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọṣẹ ti jáde, dúdú minimini, ó ń dán. Bàbá mi ní òun ni olórí ilé, òun ni yóò kọ́kọ́ fi wẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú apá méjèèjì tó nà síta, torí ọṣẹ náà ti jó abíyá rẹ̀, kò ṣeé pa dé. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bi òun pé, “Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ti fẹ́ fò ni? Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fún ẹ o, kì í ṣe bàálù.”

Ìyá Àgbà wọ mọ́tò wá láti Ìpetumodù nígbà tó gbọ́. Ó fi orí ìka kan ọṣẹ náà, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù.

“Àjọkẹ́, ṣé ọṣẹ tí kò tíì sùn lo gbé fún ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ẹ ò sọ fún mi pé ó ń sùn, Màámi.”

“Mo sọ. O ti ń sáré wọ mọ́tò nígbà yẹn. Ohun tó bá ta ọ́ láhọ́n, á ta ọ́ lábíyá!”

Ó wé ọṣẹ náà sínú ewé, ó gbé e sí àjà, ó sì ní kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi sùn tán, tí kò ní ta ahọ́n mọ́. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí: ohun tí a ti ọwọ́ ara wa ṣe náà lè jóni. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo rí i ní abíyá bàbá mi.

Lẹ́yìn ọṣẹ, òrí gba ipò ìpara àwa ọmọ. Ó ń rùn bí ilé ewúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó mọ́ wa lára. Lẹ́yìn òrí, àdín àgbọn gba ipò òróró irun. Nígbà tó kan àtíkè, bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àtíkè òun kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ìyá Àgbà ní ká fi sílẹ̀, pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Imú ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ ọgbà àtíkè yẹn títí bàbá mi fi fẹ̀yìntì.

Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni mò ń wò. Láti ìgbà tó ti dá ìpara pupa dúró, ojú rẹ̀ ń dúdú níhìn-ín, ó ń pupa lọ́hùn-ún. Ó dà bí ògiri tí òjò fọ apá kan rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á máa wò ó, wọ́n á dákẹ́. Ìyá Ṣẹ́gun kò dákẹ́ ní tirẹ̀.

“Ìyá Fólúkẹ́, kí ló ṣe ojú yín? Ṣé ẹtù lẹ ń dà ni?”

Ìyá mi kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán. “Ẹtù wọ́n ju adìẹ lọ lọ́jà, Ìyá Ṣẹ́gun. Ẹ bèèrè.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tú ojú ìrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó tún un rán.

Nígbà tí mo ń wá aṣọ ìbora nínú àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo kan ike kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ìpara pupa ni, ó lé ní ìdajì. Kò dà á nù. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọsibítù lọ. Bó bá padà sí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? N kò lè sọ fún bàbá mi, n kò sì lè bi í. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, mo gbé ike náà sójú ìmọ́lẹ̀, mo fa ìlà tín-ín-rín sára rẹ̀ níbi tí òjìji ìpara dé, mo dá a padà. Láràárọ̀ ni mò ń lọ wò ó. Bí ìlà bá ṣì bá ìpara dọ́gba, màá jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é kí ìyá mi tó sọ fún mi, níbi tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, pé, “Fólúkẹ́, ṣé o ti lọ wò ó lónìí?”

Mo fẹ́ sá. Ó fà mí mọ́ra. “Ṣọ́ọ̀kì mi lo fi fa ìlà, ìwọ olè yìí. Bí mo bá dà á nù, màá lọ ra òmíràn. Èyí tó wà níbẹ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n, mo lè kọ̀ ọ́. Jẹ́ kó wà.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa súnmọ́. Ìyá mi ni wọ́n yàn láti ṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso. Lọ́sàn-án Sátidé, mo bá a níwájú díńgí. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó wo ti ọ̀tún. Ó ní, “Lọ gbé ike yẹn wá.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Lọ gbé e wá, mo ní.”

Mo gbé e wá. Ó gbá ìdérí rẹ̀ mú, ó yí i, kò ṣí, ó tún yí i. Nígbà tó ṣí, a jọ bẹjú wò ó. Ìpara tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí pupa ẹyin tẹ́lẹ̀ ti di dúdú, dúdú bí ẹ̀pà tó jóná. Ìyá mi wò ó títí.

“Ẹ wá wo olè,” ló sọ. “Ó ń bó mi láwọ̀, òun fúnra rẹ̀ ò lè pupa fún ọdún kan!”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó wá mú un débi tó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà jókòó tì í, bàbá mi sì sáré wọlé tòun ti àtíkè lọ́rùn, ó ń bèèrè ẹni tó kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ike náà lọ sí ààtàn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi òrí para, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso lérí, ó ṣáájú gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ojú ẹtù rẹ̀. Kò sì padà sí i mọ́ títí ojú rẹ̀ fi di ọ̀kan.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Òfin bàbá mi ni mo fi ń tọ́jú ilé mi: ọ̀kan jáde, ọ̀kan wọlé, ká wo ara wa fún oṣù kan. Ohun tuntun kì í kan ara ẹnikẹ́ni nílé mi kí ó tó kan igun apá mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá gbé omi ìyè wá, màá ní kó kọ́kọ́ dúró.

Ní oṣù tó kọjá, mo rí ọṣẹ kan nínú báàgì àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń mú ara tàn. Ìyá tó wà nínú mi fẹ́ pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà nínú mi fẹ́ dá a padà síbi tó wà, kó fa ìlà sí i, kó máa ṣọ́ ọ. N kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo pè é jókòó, mo gbé ọṣẹ náà sáàárín wa, mo sì ń wá ọ̀rọ̀.

Ó wò mí. “Màmá, ọṣẹ lásán ni o. Ṣé ẹ ń bínú ni?”

“Rárá,” ni mo wí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Ó wá sún mọ́ mi, ó ní kí n sọ ìdí rẹ̀ fún òun. N kò lè sọ “Ẹ̀rù ló ń bà mí” fún ìyá mi nínú gbogbo oṣù tí mo fi ń ṣọ́ ike. Ó lé ní ogójì ọdún kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.