Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ méjì ni Olúgbémi ń ṣe ní Àpòmù lọ́dún 1993, kò sì sí èyí tó bọ́ ọ yó nínú méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni ògbufọ̀ Pásítọ̀ wọn, ẹni tí wọ́n bí sí Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Àpòmù níbí yìí, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù fún àwọn tí wọ́n jọ dàgbà.

Alhaji Gàrúbà, tó ni ilé-ìwé kan n'Íkirè, ló wá fẹ́ gbà á síṣẹ́ olóṣù. Àmọ́ ó ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣírò máàkì àwọn ọmọ, kó sì to ipò wọn, kí òun tó mu ife tíì kan tán.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà ń wọ́ bí ìgbín. Ògbufọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, BASIC lorúkọ ẹ̀, tó ń túmọ̀ ìlà àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí Olúgbémi bá kọ fún ẹ̀rọ. Tí ìlà kan náà bá tún padà wá nítorí ọmọ mìíràn, á tún un túmọ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Olódo pátápátá!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ara Pásítọ̀ gbóná lórí pẹpẹ. "Lift up your hands!"

"Ẹ gbọ́wọ́ sókè!" ni Olúgbémi wí.

Pásítọ̀ tún un sọ, ó tún un sọ, títí ọ̀fun ògbufọ̀ fi gbẹ, tí ìjọ ò sì dúró dè é mọ́ kí wọ́n tó gbọ́wọ́ sókè. Ó bá panu mọ́. Ibẹ̀ lọgbọ́n ti sọ sí i lórí: àwọn ìlà tí kì í yí padà, kí ló dé tí òun ò kó wọn sókè ṣáájú iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí BASIC túmọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan péré? Inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ nígbà tí Pásítọ̀ ní, "Sit down!" Gbogbo ìjọ gbọ́wọ́ sókè.

Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Kò kọ́ ọ.

Ní ọ́fíìsì Alhaji, tíì ṣì ń rú èéfín tí kọ̀ǹpútà ti parí iṣẹ́. Alhaji na ọrùn wò ó.

"Gbogbo wọn ló ṣe ipò kìíní?"

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, sà."

"Títí kan Làtífù, tó ti sá kúrò níléèwé lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì?"

Olúgbémi tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìlà tó ń ro máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ ló ti kó mọ́ àwọn tí kì í yí padà. Ẹ̀rọ ro ti ọmọ àkọ́kọ́, ó sì pín in fún gbogbo kíláàsì.

Ó dá ìlà náà padà sáyè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ Alhaji náà ń mu tíì. Nígbà tó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ife, Alhaji gbé e kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ fèrèsé. Tíì tutù. Eṣinṣin bà sétí ife, Alhaji lé e.

"Sà, tíì yín..."

"Ṣé mo ní mo ti mu ún tán ni?"

Níkẹyìn, ipò jáde. Làtífù ló gbẹ̀yìn. Alhaji da èyí tó kù sọ́fun, ó fajú ro.

"Mo ti mu ún tán báyìí," ó ní. "Mọ́ńdè ni kí o bẹ̀rẹ̀."