Ọwọ́ Tí Mo Nà Sí Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé ní Ṣómólú, kò sí àárọ̀ kan tí mo jáde nílé láìfi àyà kanlẹ̀. Màmá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, èmi àti bàbá mi nìkan la jọ ń gbé, yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀. Tí mo bá ti wẹ̀, tí mo ti jẹun, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, bàbá mi á gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé mi lórí, á ṣàdúrà. Àdúrà rẹ̀ kì í gùn. Ọwọ́ yẹn máa ń rùn fún íǹkì àti kẹrosíìnì tó fi ń fọ íǹkì, mo sì máa ń gbé òórùn rẹ̀ nínú irun mi lọ sí kíláàsì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn ò bá kàn mí lórí, mi ò tíì jáde nílé.

Ará Òkè Ògùn ni bàbá mi, díákónì ni nínú ìjọ onítẹ̀bọmi, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sì ń ṣe bí ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò wa nígbà náà: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ máa ń dún lójú pópó wa, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Sọ́ńdè tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, etí á máa hó èèyàn.

Mo ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú, orúkọ wọn wà lára báàjì kékeré láyà. Ajíhìnrere ni wọ́n, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìléwọ́. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ fún wọn, ó sì ní kí n gbé e lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bárígà. Mo kà á lọ́nà. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n fún mi lómi, wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè tí mo bi wọ́n, wọn ò sì fojú ọmọdé wò mí. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀, wọ́n ṣèrìbọmi fún mi lẹ́ẹ̀kejì ní ayé mi, lẹ́yìn ọdún kan ìwé dé pé wọ́n ti yàn mí, pé ọdún méjì ni màá fi wàásù ní Àbíjàn.

Bàbá mi ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó ní, "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ ìwé tó gbé ọmọ mi lọ." Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn mí jù. "Máa lọ. Mi ò ní dì ọ́ mú. Ṣùgbọ́n má retí àdúrà lẹ́nu mi." Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi, mo dọ̀bálẹ̀ títí símẹ́ńtì fi tutù mọ́ mi láyà. Ó ń to ẹyọ lẹ́tà onírin sínú férémù. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ibo ni mo wá kó ẹrù lọ? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Òpópónà mẹ́ta péré sí ilé wa ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ìjọ háyà ni wọ́n ti ń kọ́ wa kí wọ́n tó rán wa lọ sílẹ̀ òkèèrè, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Òfin ibẹ̀ le. Láti ọjọ́ tó o bá ti wọlé, o ò délé mọ́ títí ọdún méjì á fi pé. Kò sí rédíò, kò sí tíì láàárọ̀, kò sí pé ò ń yọjú kí ọ̀rẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí a máa ń fọṣọ lo lè kọ lẹ́tà sílé. Èyí tó tún le jù ni pé o ò gbọdọ̀ dá rìn. Wọ́n á fún ẹ ní ẹnì kejì, ibi tó bá lọ lo máa lọ, ibi tó o bá lọ lòun náà máa lọ, àfi balùwẹ̀.

Kàlàbá ni ẹnì kejì tèmi ti wá. Ọmọ dáadáa ni. Kò gbọ́ Yorùbá, mi ò gbọ́ èdè tiẹ̀, wọ́n sì tún ní kí àwa méjèèjì máa sọ Faransé, tí kò tíì yọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú wa. A á tọ́ka sí búrẹ́dì, a á pe orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, a á wá jókòó máa wo ara wa. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá nìkan wà ni àárò máa ń sọ. Irọ́ ni! Mi ò nìkan wà fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, síbẹ̀ àárò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Aago mẹ́fà àbọ̀ la máa ń jí. Tó bá ti di aago mẹ́jọ, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ bàbá mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiwa ní àléébù kan: tó bá dún gbàgà-gbàgà-gbàgà, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń mí, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láàárín ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé bàbá mi ti jí, pé ara rẹ̀ le, pé ó ti dá jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mo máa ń kọjú sí ògiri kí ọmọ Kàlàbá yẹn má baà rí ojú mi.

Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kọ lẹ́tà sí i. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni gbogbo lẹ́tà ń gbà lọ, òfin ni. Ẹ gbà mí o! Lẹ́tà tó yẹ kí n sọ sí bàbá mi láti ojú fèrèsé, mo lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, ó lọ yí gbogbo Èkó po kó tó padà sí Ṣómólú. Méje ni mo kọ. Ohun kan náà ni mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú gbogbo wọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé ọwọ́ lé mi lórí kí n tó lọ. Kò sí èsì.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n kọ́ wa tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Bí a ṣe máa kí àwọn onílé ni. Olùkọ́ wa á dúró sí òdìkejì ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kó o na ọwọ́ ọ̀tún, kó o rẹ́rìn-ín, kó o ní, "Bọnjúù, músíọ̀!" Olùkọ́ náà á ti lé ní ẹni ogójì ọdún, nítorí náà bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí báyìí, èmi ti wà nílẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀. Àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́, tó ti gbé Àbíjàn rí, á ní, "Dìde jàre. Tó o bá ṣe báyìí níbẹ̀, wọ́n á ní wárápá ló mú ẹ." A á tún un ṣe, ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ọwọ́ mi tó máa ṣíwájú orúnkún. Lọ́sẹ̀ keje, olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, èmi òmùgọ̀.

Ó ku ọ̀la ká gbéra. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a wà lẹ́nu ìdánrawò wa. Olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ń lọ mu omi, kí a múra sílẹ̀ de òun. Ẹnì kejì mi sáré wọ balùwẹ̀ lọ bọ́jú. Kò pẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo fa táì mi gún, mo ṣí i, mo nawọ́, mo rẹ́rìn-ín tó dé etí, mo ní, "Bọnjúù, músíọ̀!"

Bàbá mi ni.

Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, íǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi ìdì kékeré kan há abíyá. Ó wo ọwọ́ tí mo nà. Ó wò ó pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ṣe. Ọmọ tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn ló nawọ́ sí i bí ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí. Mo fẹ́ wólẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba ọwọ́ náà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Sà! Bàbá tó bí mi! Ó gbé ìdì náà lé mi lọ́wọ́, ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo ké "Bàbá!" Mo sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni òfin ti dá mi dúró. Ẹnì kejì mi ṣì wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ ń bẹ lójú rẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ dá jáde síta. Bàbá mi ò tíì rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ẹni tórí rẹ̀ pé á ti fò jáde. Èmi di irin géètì mú, mo ń pa òfin mọ́, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Títí dòní, mo ṣì ń bínú sí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Nígbà tí mo tú ìdì náà, káàdì rẹpẹtẹ ni mo bá níbẹ̀, íǹkì wọn ò tíì gbẹ tán. Orúkọ mi ló fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ sókè, ó tẹ "Ajíhìnrere" sábẹ́ rẹ̀, ó wá tẹ orúkọ ilé wa sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí àwọn ará Àbíjàn lè mọ ọmọ ẹni tó wá bá wọn. Ó ti ka àwọn lẹ́tà mi. Àdúrà ló wá ṣe. Èmi ni mo fi ọwọ́ dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo lọ sí Àbíjàn bẹ́ẹ̀. Íǹkì ọwọ́ rẹ̀ ta sí apá ṣẹ́ẹ̀tì mi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Mo pín àwọn káàdì náà tán, ó ku ẹyọ kan. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ títí, èsì kankan ò wá, mo gbà pé ìbínú ni.

Ọjọ́ tí mo padà dé, láti Onípànù tí mo ti bọ́ sílẹ̀ ni mo ti ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ wa. Mo wọ òpópónà wa, mi ò gbọ́ ọ. Mo bá bàbá mi lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ láti oṣù kẹta tí mo ti lọ, kí ẹnu rẹ̀ tó wọ́ ló sì ti kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò pé kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé sí mi, kí n má baà fi iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀. Mo ju ẹrù nù. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku tòun ti táì lọ́rùn. Mo ń retí ọwọ́. Mo retí, mo retí, nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i tó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí itan, tó ń gbìyànjú láti gbé e, tómi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo wọ́ dé ìdí àga, mo gbé ọwọ́ náà fúnra mi, mo fi lé orí ara mi, mo dì í mú síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, àfi orúkọ mi. Mo kàn ń ṣe àmín ni. Ọwọ́ náà ò rùn fún íǹkì mọ́, ọṣẹ nìkan ló ń rùn.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi náà ti wà lẹ́nu irú ẹ̀kọ́ yẹn báyìí. Kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sí géètì. Pálọ̀ mi níbí ní Bárígà ló jókòó sí, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ wà lórílẹ̀-èdè mìíràn, inú kọ̀ǹpútà náà ni ẹnì kejì rẹ̀ wà. Ó ní tóun bá dé ibi tí òun ń lọ, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lòun á máa pè mí, a ó sì máa rí ojú ara wa. Mi ò ní parọ́, mo jowú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pa kọ̀ǹpútà yẹn, tó kọjú sí ògiri, mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Lánàá, ó jáde wá láti yàrá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, orúkọ láyà. Ó dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín. Ó ń dánra wò ni, kò ní ohun búburú lọ́kàn. Mo wo ọwọ́ náà pẹ́, bí bàbá mi ṣe wo tèmi.

Mo ní, "Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Dá ọwọ́ yẹn padà ná, kó o dọ̀bálẹ̀."

Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣẹ́ẹ̀tì mi á dọ̀tí o."

Mo ní kó dọ̀tí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó nà gbalaja sáàárín àwọn àga. Èjìká ń dùn mí láti ọdún tó kọjá, àmọ́ mo tètè gbé ọwọ́ mi lé e lórí, nígbà tí ọwọ́ náà ṣì ṣeé gbé.