Gbọ̀ngàn Amọ̀ Tí Ọmọ Mi Yà Sórí Àpáta

Wọ́n ní nítorí tèmi ni wọ́n ṣe fẹ́ wó ògiri náà. Ohun tí ó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú títí di òní. Bí ẹnìkan bá fẹ́ wó nǹkan, kó wó o lórúkọ ara rẹ̀.

Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni mo mọ̀ lórúkọ. Mo mọ orúkọ ìyá wọn, mo sì mọ oríkì tí àwọn ìyá àgbà wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó. N kò ní kọ ìkankan síbí, nítorí inú ìlú kan náà la jọ ń gbé, a ó sì jọ pàdé lọ́jà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ó tó mi í kọ ohun tí mo fojú mi rí.

Àbígbẹ̀yìn mi ọkùnrin ni ó ya gbọ̀ngàn náà. Iṣẹ́ ilé yíyà ni ó kọ́ ní Òkè Ọya, ó sì pẹ́ níbẹ̀, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí aṣálẹ̀, níbi tí ó ní iyanrìn máa ń bá àwọn jẹun nínú àwo. Nígbà tí ó padà wá sílé, ó ti rù. Ó ní oúnjẹ wọn ni kò bá òun lára mu. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ní àkókò náà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ti gba ilẹ̀ kan lórí àpáta, ní apá ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Gbọ̀ngàn ìpàdé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ti ìgbàlódé, irú èyí tí àwọn olùkọ́ àti àwọn dókítà óò máa ti Adó àti Àkúrẹ́ wá lò, tí wọn óò sùn sí ìlú wa, tí wọn óò jẹ iyán wa. Wọ́n ní kí ọmọ mi bá wọn yà á. Gíláàsì ni gbogbo ènìyàn ń retí. Amọ̀ ni ó yà.

Orí tábìlì tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà ni ó tẹ́ ìwé náà sí. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè nà gbalaja sórí rẹ̀. Fèrèsé kéékèèké wà lókè, níbi tí oòrùn kò ti lè ká ẹni tó jókòó mọ́. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ ṣóńṣó bí ìwo ọmọ ewúrẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ létí aṣálẹ̀. Láàárín gbùngbùn, ó fi akọ̀dì sí i, àgbàlá tí ojú ọ̀run ń wò, irú èyí tí wọ́n bí èmi gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ka fún mi, ibi tí wáyà óò gbà nínú ògiri, ibi tí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde óò jókòó sí, ibi tí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn óò gbà wọlé láìgun àtẹ̀gùn.

Mo bi í pé, "Ṣé òjò tiẹ̀ máa ń rọ̀ ní aṣálẹ̀ tí o ti kó èyí wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ó máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Tiwa kì í wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlú yìí ni tiwa ń gbé."

Ó ká ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Nígbà tí mo tún rí ìwé náà, ó ti pa òrùlé pẹrẹsẹ náà rẹ́, ó ti fi páànù gbòòrò dé e, èyí tí ó yọ síta gan-an kọjá ògiri kí òjò má baà lè ta sí i. Ó ní ẹ̀wù aṣálẹ̀ ni ilé náà wọ̀, fìlà Èkìtì ni ó dé. Àlàyé rẹ̀ ni pé orí àpáta tí wọ́n fún wa, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹni tó bá kọ́ gíláàsì síbẹ̀ ń bọ àwọn àlejò rẹ̀ bí iṣu ni, àfi tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn ará aṣálẹ̀ ti bá ooru gbé jù wá lọ. Òun ti jókòó nínú ilé ìpàdé wọn lọ́sàn-án gangan, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wá aṣọ bora.

Alága ẹgbẹ́ náà kò gbà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti ń jí àgbàdo sísun lẹ́nu iná mi. Ó ní bàbá òun jìyà nídìí kòkó kí ìyá òun tó kúrò nínú ulé amọ̀, kí ló wá dé tí ọmọ tó kàwé fẹ́ dá ìlú padà sínú rẹ̀? Ó ní àwọn ará Àrámọkọ óò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. N kò lè pè é ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sá fún amọ̀, ẹlòmíràn sì ní ìdí.

Ọmọ mi kò bá a jà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ ògiri kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ náà, kí òun fi páànù dé e bó ṣe wà nínú ìwé, kí òjò ọdún kan kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá wó, kí wọ́n máa kọ́ gíláàsì wọn lọ. Wọ́n gbà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó mọ ọ́n, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ìkọ̀rọ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń bá wọn fẹsẹ̀ gún amọ̀. Mo máa ń gbé iṣu sísun lọ fún un, à á jọ jókòó sórí àpáta, ó máa jẹ díẹ̀, ó máa fi ìyókù pamọ́ sínú ìwé kí n má baà rí i. Mo rí i. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, ilé ìwòsàn ni ó wà. Kò sì jáde níbẹ̀ mọ́. Ọmọ mi kò rí ẹ̀kán òjò kan lára ògiri rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í rí ibojì ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, inú yàrá ni wọ́n tì mí mọ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo sì jókòó. N kò ba àṣà jẹ́. Mo mọ ọ̀nà tí n kò gbọdọ̀ gbà, n kò sì gbà á.

Àwọn tó wá bá mi ṣọ̀fọ̀ kò tíì tú tán nílé nígbà tí alága kó àwọn àgbà méjì wá kí mi. Wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi.

"Ìyá," ó ní, "ohun tí ọmọ bá fi sílẹ̀ láìparí, bí ibojì rẹ̀ ló rí. Kò yẹ kí ojú yín máa rí ògiri yẹn. Nítorí tiyín, a fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́."

Àwọn àgbà méjèèjì mi orí. Mo wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n náà jinlẹ̀, nítorí ta ni yóò fẹ́ bá ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn lórí àṣà? Wọ́n rò pé mo máa sunkún, kí n sì dúpẹ́.

"Ibi tí ẹ ní kí n má dé, n kò dé ibẹ̀," mo ní. "Ògiri kì í ṣe ibojì. Ibojì ni a kì í wò. Ògiri, wọ́n mọ ọ́n kí wọ́n lè wò ó ni. Ẹni tó bá fẹ́ wó o kí òjò ọdún yìí tó parí, kó wá bá mi ní ìdí rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí ìjókòó mi, mo gun àpáta lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, Àlájà tó ń ta aṣọ òkìrìkà, ni ó tẹ̀lé mi. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ilé, àmọ́ òun mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà òjò yẹn. Tí òjò bá ń rọ̀, a ó wà lábẹ́ páànù tí ó yọ síta náà, a ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀yìn wa kò tutù. Mo máa ń sọkún nígbà míràn, Àlájà á yí ojú sí ọ̀nà, á máa ka àwọn ọ̀kadà tó ń kọjá.

Òjò fi orí ògiri sílẹ̀, ó fi àyà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó jẹ. Omi tó ń ta láti ara àpáta ń bu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣán díẹ̀díẹ̀. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i. Nígbà tí òjò wá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, mo pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ṣì lè tẹ̀ ba, ará Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ará Àpọ́sítélì, àti àwọn èèyàn Àlájà láti mọ́ṣáláṣí. A po amọ̀, a fi ìgbẹ́ màlúù sí i, a bu omi èèpo irúgbá tí a ti sè lé e, a sì rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri náà bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ́ ilé kí ọdún tó dé. Ọ̀kadà kan dúró, ọmọ tó gùn ún bi wá pé ṣé àwọn ìyá ti gba kọ́ńtíráàtì ni. Mo ní a ti gbà á, kó sọ fún ìyá rẹ̀ kó wá gba tirẹ̀.

Ó lọ ròyìn. Nígbà tí òjò parí, alága pe ìpàdé sórí àpáta gan-an, níwájú ògiri, kí gbogbo ìlú lè rí i. Wọ́n to àga sínú oòrùn. Ó ní ẹ̀rí ti bàjẹ́. Ó ní òjò ni a ní kó dán ògiri wò, a kò ní kí àwọn ìyá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Kò sí ẹni tó fún mi láyè ọ̀rọ̀, ni mo bá dìde láìgbàyè.

"Alága, mọ́tò tí ẹ gbé wá síbí, ẹ kò yí ọ́ìlì rẹ̀ rí? Ilé yín, ẹ kò kùn ún rí? Gíláàsì tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí, ta ni yóò máa gùn ún lọ nù? Ọmọ mi sọ fún mi pé létí aṣálẹ̀ yẹn, ọdọọdún ni gbogbo àdúgbò ń tú jáde wá rẹ́ ilé wọn, tí wọn kò sì fi bú ilé. Níbí náà, ìyá tó bí yín ń rẹ́ ilé lọ́dọọdún. Mo bá a rẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ilé rẹ̀ ti wó."

Ó ní òun kò wá síbí kí n wá máa sọ̀rọ̀ ìyá òun. Mo ní òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó ń tako ọmọ mi.

Ariwo sọ. Ẹni tó paná rẹ̀ ni ẹ́ńjíníà ẹgbẹ́ náà, ọmọ ìlú wa tí òun fúnra rẹ̀ ti ya ti gíláàsì sílẹ̀. Ó fi irin lu ihò sí ògiri níbi tí a kò rẹ́, ó tún lu òmíràn sí ibi tí a rẹ́, ó fi ìka mú erùpẹ̀ inú rẹ̀, ó fi han ìpàdé. Ó ní gbígbẹ ni. Ó ní òun ṣì fẹ́ràn gíláàsì ju èyí lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ fún ìlú pé inú ògiri tutù nígbà tí kò tutù.

Ní gbogbo àkókò tí a fi ń jà yìí, oòrùn ń gorí. Mo ń wo àga. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sún un, ẹni kan, lẹ́yìn náà ẹni kejì, títí gbogbo ìpàdé fi wà lábẹ́ òjìji ògiri náà. Àga alága ni ó kù nínú oòrùn. Nígbà tó yá, òun náà sún un. Àlájà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gún òun náà padà.

Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ amọ̀ nawọ́. A fi díẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ gíláàsì lọ. Alága wá ní ó dára, àmọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá fọwọ́ sí i pé àwọn ni yóò máa rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Àlájà bi í pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin ńkọ́, ṣé ó ti kán ni? Wọ́n tún un sọ: obìnrin óò máa rẹ́, ọkùnrin óò máa pọn omi gun àpáta. Mo fara mọ́ ọn.

Ní báyìí tí mo ń kọ èyí, ògiri gbọ̀ngàn náà ti ga dé àyà mi ní igun gbogbo. Wọ́n ti fi páìpù wáyà sínú rẹ̀ níbi tí ọmọ mi fi í sí. Àwọn kan ṣì ń kọjá, wọ́n ń bèèrè pé ìgbà wo ni a óò kó ewúrẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo kàn ń wo bí amọ̀ ṣe ń gòkè.

Alága wá sílé mi láìpẹ́ yìí, òun nìkan. Ó jọ pé ó ti rò ó. Ó ní ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe ère sìmẹ́ńtì ọmọ mi sí ẹnu géètì, pẹ̀lú kóòtù àti táì, kí ẹni tó bá ń wọlé lè mọ ẹni tó ṣe é. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fi tù mí nínú ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní rárá.

"Kí wá ni ẹ fẹ́, Ìyá?"

"Ẹ parí rẹ̀. Ẹ kó àwọn ará Adó àti Àkúrẹ́ yín wá. Kí ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ máa bá ara yín jiyàn títí ilẹ̀ óò fi ṣú. Nítorí ìyẹn ni ó ṣe yà á."

Ó ní èmi ni yóò kọ́kọ́ bá àwọn jà níbẹ̀. Mo ní kó fi àga mi sí iwájú.