Òróró Tí Mítà Ní Ó Ti Tutù

Ọ̀pá tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó ni mò ń ṣe ní Ketu. Wáyà méjì tí irin wọn kò bára mu ni a máa ń jó lẹ́nu pọ̀. Ẹnu tí a jó yẹn ló ń mọ ooru. A ó wá fi ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ wọ àwọn wáyà náà kí wọ́n má baà kanra, a ó sì ki gbogbo rẹ̀ bọ páìpù irin. Bí wọ́n bá kanra níbòmíràn, ooru ibẹ̀ ni mítà tí a so wọ́n mọ́ yóò máa sọ.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe ti Mummy tó ń dín ìpékeré ní Ikosi, ìlẹ̀kẹ̀ méjì dín. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n lọ rà á. Òwú ni mo fi dí ọrùn rẹ̀, níbi tó yọ síta agbada òróró rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án láti wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti pa gáàsì fún ìgbà díẹ̀. Òróró inú agbada dákẹ́ rọ́rọ́, kò hó, kò rú èéfín. Ooru ilé náà kì í sì í jẹ́ kéèyàn mọ èyí tó ń ti inú agbada wá. Mítà ń fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n hàn, bí afẹ́fẹ́ yàrá gan-an.

Mummy ní, “Ẹnjiníà, o ṣeun o. Ó ti tutù kíá. Ṣíbí mi ló já sínú ẹ̀, jẹ́ kí n yọ ọ́.”

Ó ń ká apá aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé òwú yẹn ti jó, pé wáyà ti kanra níta agbada, pé òróró ṣì lè bó ọwọ́ rẹ̀ dé egungun. Ẹnu mi kò là. Ìtìjú ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan òróró kí n tó mú ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí tírè, tí mo sọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pariwo, ó ń yí, ó ń pọ́n. Mítà ṣì ń fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n hàn.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. “Ṣé o ti mọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Látìgbà wo?”

“Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ká apá aṣọ.”

Kò pariwo. Ó na ọwọ́ tó fẹ́ fi yọ ṣíbí náà sí mi, ó ní kí n dì í mú. Mo dì í mú títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn fi dúdú.