Oògùn tí Wọ́n Fún Ewúro

Aládùúgbò mi ní Olódò ń fín oògùn apakoríko lẹ́bàá fẹ́ǹsì láàárọ̀ yìí. Òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, n kò sì lè mu tíì mi mọ́.

Ọ̀sán kan nígbà tí mo wà ní kékeré ló mú mi rántí, lábúlé wa ní Akínyẹlé, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ewúro ìyá àgbà ti tanná funfun yí oko elégédé wọn ká. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n gé e, pé ewé ewúro tó bá ti tanná kì í dùn lọ́bẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Oyin tó ń jẹun níbẹ̀ ló ń fún elégédé mi lọ́mọ."

Ìyá àgbà lọ kírun alásàárì, ni àbúrò bàbá mi bá ti ìgboro dé, ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Oògùn ni." Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ewúro ń ṣàìsàn. Ó fín in títí òdòdó fi ń kán tótó, oyin ṣì ń bà lé e.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti ta ilẹ̀ náà kó tó gbé oògùn wá.

Nígbà tí ìyá àgbà dé, wọ́n jókòó sórí ebè pẹ̀lú aṣọ ìrun wọn. "Kí ni ewúro ṣe ọ́?"

"Màmá, igbó lásán ni."

Mo dì mọ́ wọn lọ́rùn. "Ẹ má sunkún mọ́," mo ní. "Ó ti lo oògùn. Ara ẹ̀ máa yá tó bá di ọ̀la."