Ọjọ́ Jímọ̀ tí Wọ́n Tilẹ̀kùn Ọjà Dùbáì Mọ́ Wa

Aago kan ọ̀sán ti kọjá nígbà tí mo kó obìnrin márùn-ún dé ọjà aṣọ ní Déírà, ní Dùbáì, tí mo rí i pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà ní títì. Láti ìkóríta kan dé èkejì, ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fà wálẹ̀. Ológbò nìkan ló ń rìn kiri. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò mọ nǹkan kan.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń ta ọjà gidi ní Mowe àti Ibafo, Dùbáì ló ń lọ. Bàtà àti báàgì ni mò ń tà létí ọ̀nà márosẹ̀ ní Mowe kí Alhaja Àṣàbí, ará Àgbàdo, tó fà mí wọ iṣẹ́ kíkó oníṣòwò lọ. Òun ló máa ń bá wọn wá físà àti òtẹ́ẹ̀lì, tí á sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn Íńdíà tí kì í rẹ́ni jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ lé e lọ. Ọjọ́bọ̀ la máa ń padà sílé, n kò bá Jímọ̀ pàdé níbẹ̀ rí.

Nígbà tí orúnkún Alhaja kọ̀ fún un, ó pè mí sí pálọ̀ rẹ̀, ó fa iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́.

"Ẹrù tó wúwo ni kó o kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rà, kó tètè wọ kágò," ó ní. "Èyí tó fúyẹ́, ẹ̀yìn ni. Ìyá Dámi, gbọ́ o, Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Jẹ́ kí wọ́n jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní Alhaja ti tún bẹ̀rẹ̀ wàásù. Èmi tí mò ń kọrin nínú kuáyà, kí ló kàn mí kan Jímọ̀?

Ìyẹn ni mo ṣe fi aṣọ ọmọdé sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí a máa padà sílé gan-an. Ìyá Tèmi, opó kan tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Ibafo, ló ni ọjà yẹn. Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó bá tà lásìkò náà ló fi ń jẹun títí di Ọdún Àjíǹde. Aago méje ìrọ̀lẹ́ la sì gbọ́dọ̀ wà ní pápákọ̀ òfurufú.

"Ìyá Dámi, ṣé ibí ni?" Ìyá Tèmi bi mí.

"Ibí ni, mà."

Ó jókòó sórí báàgì òfìfo rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Kí ni mo fẹ́ lọ kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù? Mo ti sọ fún gbogbo àwọn kọ́sítọ́mà mi pé Dùbáì ni mò ń lọ o!"

Bàbá Íńdíà kan tó ń ta tíì ní kọ̀rọ̀ na ìka mẹ́rin sókè sí wa. "Jímọ̀," ó ní. "Aago mẹ́rin." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Alhaja dún padà létí mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo àwọn obìnrin náà.

Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo ṣe ohun tí Alhaja wí, mo mú wọn lọ jẹun. Láti ọjọ́ tí a ti dé, gààrí tí a gbé láti ilé la ń jẹ. Kẹ́tùlù òtẹ́ẹ̀lì la fi ń se omi ẹ̀bà. Lọ́jọ́ náà, a jókòó bí èèyàn, wọ́n gbé ìrẹsì pupa rúsúrúsú àti ẹran àgùntàn síwájú wa. Ọ̀kan nínú wa fa ata gígún yọ láti inú báàgì rẹ̀, ó sì bù ú sórí oúnjẹ tirẹ̀. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá kàn ń wò ó.

Lẹ́yìn èyí, mo kó wọn lọ sí etí omi tó la ìlú náà sí méjì, níbi tí ọkọ̀ onígi ti ń kó èèyàn sọdá. Ìyá Tèmi ní òun ò lọ. "Ẹkún ò tíì tó mi, ẹ tún fẹ́ kí n kú sómi?" A bẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọ̀ ọ́. Nígbà tí a dé àárín omi, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lójú, ẹkún rẹ̀ dá.

Lódìkejì, àwọn ìdílé ti jáde ṣe fàájì Jímọ̀ wọn, wọ́n wọ aṣọ tó dára fún àwọn ọmọ. Ni Ìyá Tèmi bá dìde dúró.

"Ẹ wo ọmọ yẹn! Ẹ wo bí wọ́n ṣe so rìbọ́ọ̀nù aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá ṣáà kó síwájú mi ni mo máa ń rà. Mi ò rí i lára ọmọ rí."

Kí n tó dá a dúró, ó ti lọ bá ìyá ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ń tọ́ka sí aṣọ. Obìnrin náà kọ́kọ́ fò sẹ́yìn. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín, ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á fún wa.

Kí aago mẹ́rin tó lù, a ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá Tèmi kò rìn gbéregbère. Ó mọ ohun tó ń fẹ́. Nígbà tó rà á tán, ó ní kí wọ́n fún òun ní ènì. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kò mọ ohun tó ń jẹ́ ènì, Ìyá Tèmi kò sì kúrò níwájú rẹ̀ títí tó fi kó ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kún un. Òógùn ń bọ́ lára wa nígbà tí a dé pápákọ̀.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, mo dúró ní Ibafo, mo ń wo àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, rìbọ́ọ̀nù lẹ́yìn wọn. Inú mi dùn, omi sì bọ́ lójú mi.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Alhaja ní Àgbàdo, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un, mo sì ròyìn oúnjẹ àti ọkọ̀ omi náà. "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé wàásù lẹ̀ ń ṣe."

"Wàásù kẹ̀? Ọjà ni mò ń sọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Ẹ ò wọ̀ ọ́ rí, mà?" ni mo bi í. Obìnrin tó ti lọ sí Dùbáì débi pé kò lè ka iye ìgbà mọ́!

"Ẹrù ni mo máa ń sáré tẹ̀ lé," ó ní.

Láti ìgbà náà, n kò mú ẹnikẹ́ni lọ láìfi Jímọ̀ kún un: oúnjẹ, ọkọ̀ omi, ká tó wọ ọjà ní aago mẹ́rin. Nígbà tó di ọdún kejì, a mú Alhaja dání. Ìyá Tèmi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo di tòsì, a rọra gbé e wọnú ọkọ̀. Ó sọdá, ó padà, ó ní ká tún sọdá. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti máa bọ̀ nílé, báàgì Alhaja ṣófo bó ṣe gbé e wá.