Ṣé Ràímì Padà Dé?

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìró kì í dúró ní ìdí mi, ẹgbẹ́ olórin kan wà ní àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ tí orin wọn kì í parí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà létí ọ̀sà á mọ irú wọn: gìtá méjì, kóńgà kan, àti ọ̀gá wọn, Bàbá Onígìtá, tí ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tó ń fẹ́ epo. Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á jókòó sábẹ́ àtíbàbà káfíńtà, wọ́n á mú orin kan ṣoṣo, wọ́n á sì wọ inú rẹ̀ lọ. Gìtá kejì á yà sí kọ̀rọ̀ kan, kóńgà á wá a lọ, àwọn méjèèjì á sọnù, Bàbá Onígìtá á dijú bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti yà, òjòjò tí mo ń fi eyín gé díẹ̀díẹ̀ á ti tán lọ́wọ́ mi. Èmi àti ìyá mi kì í pa á jẹ.

Orin tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ràímì. Ràímì wọkọ̀ lọ sí òdìkejì ọ̀sà, ó ní òun ò ní pẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì dúró sétí omi pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ nínú àwo. Ẹsẹ kan, ìkọ́kọrẹ́ tutù. Ẹsẹ mìíràn, ọmọ ń sunkún. Bó bá ti kù díẹ̀ ká mọ̀ bóyá Ràímì padà dé, ládánì á bọ́ síta mọ́sálásí, á pe ìrun Mọgàríbì, gìtá á sì dákẹ́ wẹ́lo. Ní Ẹ̀pẹ́ wa, ta ló tó bẹ́ẹ̀, kó máa ta gìtá lórí ìpè ìrun? Bàbá Onígìtá á ní, "Ó di Sátidé." Sátidé tó bá dé, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún ti máa mú un.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá tèmi náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, ìyá mi sì máa ń sọ pé ofatáìmù ni kò jẹ́ kó wálé. Ofatáìmù náà pẹ́ díẹ̀. Nínú orí kékeré mi, mo gbà pé bí Ràímì bá ti dé, bàbá mi náà á dé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ní kí n ha ìpẹ́ ẹja tán kí n tó wá síbi orin. Mo fi ẹja sílẹ̀ fún ológbò, mo lọ bá Bàbá Ládánì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ìrun falẹ̀ díẹ̀, kí Ràímì lè dé."

Baba wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé kí n lọ di oòrùn mú ni? Ọmọ ta nìwọ?"

Ó ní kí n pọn omi kún gbogbo kẹ́tù àlùwàlá tó wà lágbàlá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orin ń dún ketekete dé mọ́sálásí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ baba sì ń jó. Ó ní, "Gìtá kejì yẹn ti ń sáré jù. Ta ló ń lé e?" Bí oòrùn ṣe wọ̀, ó dìde, ó pe ìrun rẹ̀, kò ro ti Ràímì rárá. Nígbà tí mo délé, ológbò ti yó, ìyá mi sì ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n kó ohun tó kù nínú ẹgbẹ́ náà wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Agric, ní Ìkòròdú tí èmi náà ń gbé báyìí. Mo mú ìyá mi dání. Ká sọ tòótọ́, eré náà kò dáa tó: oníkóńgà sùn lọ láàárín orin, makirofóònù ń hu bí ajá, wọ́n sì gbé dùùrù olówó gọbọi kan ti gìtá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n mú orin Ràímì, tí gìtá kejì yà sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́, orí mi wú. Kò sí ládánì nínú gbọ̀ngàn. Lónìí, Ràímì á dé.

Wọ́n dé ibi tí ìpè ìrun ti máa ń ká wọn mọ́. Bàbá Onígìtá dúró. Gbogbo wa dúró. Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí. Ládánì ló máa ń bá mi parí ẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ gba owó ìwọlé mi padà. Àfi bí ìyá mi ṣe dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó tún gèlè ṣe, tó sì gbé orin náà láti ibi tí wọ́n já a sí:

"Ràímì ò dé mọ́ o, ó ti fẹ́yàwó n'Ìkòròdú. Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi, mo fọ àwo."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Gìtá kejì sáré tẹ̀lé e, gbogbo obìnrin ibẹ̀ sì ń gbè é. Bàbá mi ṣì wà láyé o, ó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá Ìkòròdú níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó tí ofatáìmù fẹ́ fún un.

Láyé ìgbà tiwa, ìyá kì í sọ irú rẹ̀ fọ́mọ. Àwọn ọmọ òde òní ti mọ gbogbo àṣírí ilé kí wọ́n tó mọ a-b-d, orin wọn sì máa ń parí kí n tó rí àga jókòó. N ò mọ èyí tó sàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo Sátidé tí mo fi ń retí Ràímì, ìyá mi tó jókòó tì mí ti mọ̀ pé kò ní dé, ó sì jẹ́ kí n máa retí.